Omi Tó Ń Mu Ìmọ́lẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Finland kì í ṣe òtútù. Ní ti òtútù, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò ní Ṣàgámù, mo sì ti di ẹrù aṣọ bí ẹni tó ń lọ gbé inú fìríìjì. Omi ló bà mí lẹ́rù.

Liisa, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ló fi mọ́tò gbé mi lọ wo adágún omi tí gbogbo ìlú náà ń mu. Igi yí etí omi ká, afẹ́fẹ́ tutù minimini, o ò lè rí ọ̀rá kan ṣoṣo nílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo bojú wo inú omi, mo tagìrì. Ó pọ́n, ó tún dúdú, àfi bí àgbo tó ti wà lórí iná látàárọ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kó tó dé ìgúnpá mi, n kò rí ìka mi mọ́.

Mo ní, "Ta ló ba omi yìí jẹ́?"

Liisa rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó bà á jẹ́, pé ewé tó ń jẹrà nínú igbó àti nínú àbàtà ló ń pa á láró láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti bọ́ aṣọ, ó ku aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan lọ́rùn rẹ̀, ó sì bẹ́ gììrì sínú àgbo náà. Mo dúró létí omi, mo la ẹnu sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí omi bá rí báyìí, ewúrẹ́ pàápàá, a ó lé e kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Sábó ni mí, ní Ṣàgámù. Obì ni wọ́n tà tí wọ́n fi tọ́ mi. Ìyá mi ń ta gbàǹja fún àwọn Hausa tó ń kó o lọ sókè Ọya, bàbá mi náà sì ṣe é títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí ara ìyá mi kò gba ariwo ọjà mọ́, ó padà sí Akaka, abúlé tí wọ́n bí i sí. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń ra epo pupa tà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Múfú, nìkan ni Ọlọ́run dá sí fún un. Bọ̀ọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páìpù àti tánkì omi nítòsí oríta márosẹ̀. Èmi ní tèmi ka kẹ́mísìrì, ìwé náà ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ Liisa, níbi tí a ti ń wá ọ̀nà láti fi iná fọ omi.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ, á rò pé à ń se omi lórí iná ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan ni, tí ojú ọmọ ènìyàn kì í rí, tí wọ́n ń pè ní UV. Ohun tí a sì ń fọ̀ kúrò, nígbà tí Liisa sọ ọ́ fún mi, n kò lè jẹun ọ̀sán mi tán. Ó ní oògùn ni. Oògùn tí ènìyàn bá gbé mì, ara kì í lò ó tán. Èyí tó kù á bá ìtọ̀ jáde, á wọ páìpù lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí, ibẹ̀ kì í sì í lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ara ríro, oògùn àìróorunsùn, gbogbo rẹ̀ á máa ṣàn lọ sínú odò, kékeré débi pé ahọ́n kò ní mọ̀. Èmi tí mo ti rò láti kékeré pé ohun tó ń rùn, tàbí ohun tó dúdú, nìkan ni ìdọ̀tí!

Mo pe ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ṣé o ti jẹun? Ṣé ò ń kírun?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Mo ti jẹun, mà. Màámi, ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó wà nínú omi àwọn ènìyàn yìí. Oògùn ni. Oògùn tí wọ́n ti mu, tí wọ́n sì ti tọ̀."

Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àúsù bílàhì! Àwọn òyìnbó?"

"Àwọn náà, mà. Gbogbo ibi tí ènìyàn ti ń lo oògùn ni."

"Èyí tí èmi ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ńkọ́? Òun náà ń lọ síbì kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ni ń mu ún?"

Mo ní kó jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa oko.

Iṣẹ́ kò le tó ìdákẹ́rọ́rọ́. Mo lè wọ bọ́ọ̀sì lọ, kí n wọ̀ ọ́ bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo kí bàbá arúgbó kan tó jókòó níwájú mi. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tó rí i pé òun ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Liisa tó ọjọ́ orí ìyá mi, orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo sì gbọ́dọ̀ máa pè é, láìsí ìyá, láìsí àǹtí. Orúkọ yẹn máa ń dà bí òkúta lẹ́nu mi. Tí mo bá délé, mo máa ń sọ èdè Rẹ́mọ sí ìkòkò ọbẹ̀ mi, kí ahọ́n mi má bàa gbàgbé ọ̀nà ilé.

Èèyàn máa ń rò pé ilé ni òun fi sílẹ̀ nígbà tó lọ. Èmi rí i pé ohun tí mo fi sílẹ̀ ni ẹni tí mo jẹ́ lójú àwọn tó mọ̀ mí. Ní Sábó, tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ọmọ Ìyá Múfú nìyẹn." Níbí, tí mo bá ń kọjá, mò ń kọjá náà ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ rí báyìí. A máa da oògùn kan sínú omi, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú egbò, tó máa ń hó. Tí ìmọ́lẹ̀ UV bá bà á, á là á sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan á sì di ẹhànnà. Ohunkóhun tó bá pàdé, yíya ni yóò máa ya á. Àwọn oògùn ènìyàn tó wà nínú omi á wá fọ́ túútúú. Mo ti dán an wò nínú omi tó mọ́, ó ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ni mo bá bu omi adágún yẹn sínú ẹ̀rọ. Iná kan náà ni, oògùn tó ń hó kan náà ni, wákàtí kan náà ni. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn oògùn náà wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo tún un ṣe. Wọ́n tún wà níbẹ̀. Mo rò pé iná ti jó. Mo pààrọ̀ iná. Pàbó ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo lọ bá Liisa. Kò bá mi wí. Ó gbé àpótí kan tí iná wà nínú rẹ̀, ó fún mi ní ìgò ojú tí a máa ń wọ̀ kí iná yẹn má bàa ba ẹyin ojú jẹ́, ó sì fi bébà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bébà náà máa ń tàn yòò tí ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí bá bà á. Ó gbé àwo dígí kan, irú èyí tí UV ń gbà kọjá, sáàárín iná àti bébà. Omi mímọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bébà tàn yòò.

Ó gbé omi adágún síbẹ̀. Bébà ṣókùnkùn.

Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ náà kò jìnnà rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná níbẹ̀ ni omi ti mu ún tán. Oògùn tó ń hó tó wà lókèèrè kò rí nǹkan kan gbà."

Èyí yé mi. Omi tó dúdú ṣókùnkùn, ta ni kò mọ̀? Àmọ́ ó tún gbé òmíràn síbẹ̀. Omi yìí mọ́ gaara bí omi òjò tó kán láti orí páànù tuntun. Tí mo bá fi ìwé sẹ́yìn rẹ̀, mo lè kà á. Mo ń retí kí bébà tàn.

Bébà ṣókùnkùn bíi ti àkọ́kọ́.

Mo fò sẹ́yìn. Mo ní, "Rárá." Mo gbé àwo náà kúrò, bébà tàn. Mo dá a padà, ó ṣókùnkùn. Mo bojú wo inú omi náà lápá ọ̀tún, mo wò ó lápá òsì, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Liisa ní oògùn kan tí kò ní àwọ̀ ni òun pò mọ́ ọn. Lójú tèmi, omi mímọ́ ni. Lójú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ògiri ni.

Mo jókòó. Gbogbo ohun tí ìyá mi kọ́ mi nípa omi, ojú ló fi kọ́ mi. Gbé e sókè, wò ó, bó bá mọ́, mu ún. Ojú tí mo gbọ́kàn lé láti kékeré, kò tó.

Ìgbà tí mo ṣì ń wá ọ̀nà àbáyọ ni Bọ̀ọ̀dá Múfú pè mí, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó jẹ oyè.

"Àbúrò mi pàtàkì! Iwájú mọ́ṣáláṣí Akaka ni mo wà. Mo ti ṣí fóònù sílẹ̀, gbogbo àwọn àgbà ń gbọ́ ẹ."

Mo kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo ń ṣe àmín.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Mo gbé nǹkan kan wá fún ìlú. Ọkùnrin kan láti Èkó ló tà á fún mi. Iná UV ni. A ti so ó mọ́ tánkì mọ́ṣáláṣí, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ní ó ń pa kòkòrò, ó ń pa kẹ́míkà, ó ń pa gbogbo rẹ̀. Sọ fún wọn pé irú rẹ̀ lẹ̀ ń lò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó."

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀gbọ́n mi, láìmọ iṣẹ́ mi dáadáa, ti ṣe ohun tó jọ iṣẹ́ mi. Mo ní kó jẹ́ kí n rí omi náà. Ó yí kámẹ́rà fóònù sí iná náà, tí ìmọ́lẹ̀ búlúù díẹ̀ tí ojú lè rí ń bá UV jáde lára rẹ̀, ó wá yí i sí bàsíà funfun kan lábẹ́ ẹ̀rọ. Omi inú bàsíà náà pọ́n bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. N kò rí ìsàlẹ̀ bàsíà.

"Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ ti ń fa omi yìí?"

"Odò ìsàlẹ̀. Ó sún mọ́ mọ́ṣáláṣí. Kí làwọn ènìyàn tún fẹ́ máa rìn lọ sí kànga òkè fún, nígbà tí iná ti wà?"

Mo mọ odò náà. Abẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ló wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń fín kẹ́míkà tó ń pa koríko. Láyé ìyá mi, aṣọ ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mu ún.

"Ṣé wọ́n ṣì ń se é kí wọ́n tó mu ún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni iná wà fún?"

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ń gbọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ní kó bọ́ sí kọ̀rọ̀. Àmọ́ mo ronú pé tí fóònù bá kú báyìí, ìmọ́lẹ̀ búlúù yẹn á tàn, wọ́n á sì mu omi náà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mu ún. Omi tó dúdú báyìí ń mu ìmọ́lẹ̀ ni. Kò ní jẹ́ kó dé ibi tí kòkòrò wà. Ní ti kẹ́míkà, iná yẹn nìkan kò lè ṣe é ní nǹkan kan."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá, kékeré, nítòsí etí fóònù, ó ti pa sípíkà fóònù náà.

"Ṣé bó o ṣe fẹ́ dójú tì mí láti ibi tó o wà nìyẹn?"

Ó gé e.

Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè mi mọ́. Mo pe ìyá mi.

"Ó ń bínú," ni ìyá mi wí. "Fi í sílẹ̀. Inú á rọ̀."

"Màámi, ṣé ẹ̀ ń mu omi yẹn?"

"Mò ń mu ún."

"Kí ló dé, Màámi? Ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo gbọ́. Àmọ́ ọmọ mi ló gbé e wá fún ìlú. Tí èmi ìyá rẹ̀ kò bá mu ún, ta ló máa mu ún?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa se é. Ó ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń mu omi nítorí ọmọ rẹ̀, gbangba ló ń mu ún, kì í lọ sè é ní ìkọ̀kọ̀.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ronú pé tí n kò bá lè pa iná yẹn láti ibi tí mo wà, ó kéré tán kí n mọ ọ̀nà tí yóò fi ṣiṣẹ́. Mo fi iyanrìn sẹ́ omi adágún, kò tó. Mo fi álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú kí omi tòrò sí i, àwọ̀ rẹ̀ rọ̀, ó sì rí gaara lójú mi. Láyé àtijọ́ ǹ bá ti pariwo. Mo gbé e sí àpótí, bébà ràn díẹ̀ ni, bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ohun tí ojú kò rí ṣì wà níbẹ̀. Mo wá fi èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná sẹ́ ẹ. Nígbà tí mo gbé èyí sí àpótí, bébà tàn yòò. Mo tún po àwọn oògùn ènìyàn náà mọ́ ọn, nítorí èédú ti lè fà wọ́n, mo da oògùn tó ń hó sí i, mo tan iná, mo sì dúró. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, díẹ̀ bíńtín ló ṣẹ́ kù nínú àwọn oògùn náà.

Mo pariwo. Liisa sáré jáde nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó rò pé nǹkan ti bú gbàmù. Nígbà tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dì mọ́ mi, obìnrin tí kì í fọwọ́ kan ènìyàn. Mo wá ẹni tí mo lè sọ fún ní èdè mi. Mo pe ìyá mi.

Aládùúgbò rẹ̀ ló gbé e. Ó ní ìyá wà lóko. Mo pè lọ́jọ́ kejì, ó ní ìyá ń sùn. Mo pè lọ́jọ́ kẹta, ó ní ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ohùn rẹ̀ sì ń sáré. Ìyá mi kì í fi fóònù sílẹ̀ jáde.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá léraléra títí ó fi gbé e. Mo gbọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń sọ pé kí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà, mo gbọ́ ìró bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì.

"Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ wà?"

"Ṣàgámù," ló wí. "Ọsibítù."

"Ta ló ń ṣàìsàn?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá… Ìyá ni. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ni. Wọ́n ti fa omi sí i lára, ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní ká má sọ fún ẹ, kí ọkàn rẹ má bàa dàrú níbẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó sì ti padà, èmi ń jẹ búrẹ́dì, mò ń wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí àjò fi mí ṣe. Mo ti di ẹni tí wọ́n ń fi ìròyìn ayọ̀ nìkan ránṣẹ́ sí. Wọ́n fẹ́ràn mi débi pé wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ìṣòro wọn, ẹni tí wọ́n bá sì yọ kúrò nínú ìṣòro ilé, kí ló kù fún un nílé náà?

Bọ̀ọ̀dá kò gé fóònù. Mo gbọ́ pé ó ń sunkún. N kò gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa.

"Dókítà ní omi tí kò mọ́ ni," ló wí. "Ìyá Sàlámì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. O sọ ọ́. O sọ ọ́, mo gé fóònù."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún mọ́. Ṣebí ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìrẹsì ọsibítù kò níyọ̀."

Àwa méjèèjì bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ṣì wà lójú wa.

Nígbà tí ìyá mi àti Ìyá Sàlámì ti padà sílé, Bọ̀ọ̀dá tún pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo rí i lójú fóònù: ó dúró níwájú tánkì mọ́ṣáláṣí, àwọn ènìyàn pọ̀ yí i ká. Ìyá mi jókòó lórí àga, ó rù, ó wé gèlè rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá kọjú sí wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, èmi ni mo gbé nǹkan yìí wá. N kò mọ̀ ọ́n tán kí n tó gbé e wá. Àbúrò mi kìlọ̀, mo bínú sí i. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lónìí."

Ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Àmọ́ iná náà ń tàn! Ṣé ojú wa ló ń tàn wá ni? A rí i tó ń tàn búlúù."

Alfa àgbà ní, "Dákẹ́, jẹ́ ká gbọ́."

Láti ìgbà tí mo ti dé Finland, wọ́n ti kí mi láti ilé, wọ́n ti ṣàdúrà fún mi, wọ́n ti béèrè bí òtútù ṣe rí. Kò tíì sí ẹni tó béèrè ohun tí mo mọ̀.

Mo ní, "Ó ń tàn, sà. Àmọ́ ẹ bu omi náà sí bàsíà, kí ẹ wò ó. Tí ojú yín kò bá lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, iná náà kò lè rí i. Tí ẹ bá tiẹ̀ rí ìsàlẹ̀, ẹ má tíì gbà pé ó mọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí kànga òkè, kí ẹ sì máa se é. Odò ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ fi sílẹ̀, nítorí kẹ́míkà tó ń ṣàn wọ̀ ọ́ láti oko, sísè kò lè mú un kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ lo iná náà lọ́jọ́ iwájú, á kọ́kọ́ ní ohun tí a máa ṣe sí omi kó tó dé abẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, ẹ pa á."

Wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá mi ló dìde. Ó fi ọwọ́ kan di èjìká Bọ̀ọ̀dá mú, ó rọra rìn dé ara ògiri mọ́ṣáláṣí, ó sì na ọwọ́ kejì sókè sí ibi tí wọ́n ti ń pa iná náà. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, ká, láti Akaka títí dé yàrá mi.

"Ó ti kú o," ló wí, ó kọjú sí fóònù. "Kí lo ní ká kọ́kọ́ ṣe sí omi?"

Mo fa àga mọ́ra, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí iyanrìn.